Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi bàbá mi: epo àtijọ́ ti di oje sínú kábúrétọ̀

Ọmọ_Ìṣọ́kùn (Iléṣà) | Sátidé, 8:40 àárọ̀

Ẹ kú àárọ̀ o, gbogbo ilé. Ìmọ̀ràn ni mo wá gbà.

Òṣómàáló ni bàbá mi. Aṣọ ló ń tà láwìn káàkiri àwọn abúlé etí ọ̀sà lágbègbè Èpé, ọkọ̀ ojú omi ló sì fi ń lọ gba owó rẹ̀. Nígbà tó ṣíwọ́ òwò ní 1997, ó gbé ẹ́ńjìnnì ẹ̀yìn ọkọ̀ náà dání wá sílé: Johnson alágbára ẹṣin 25, onípísítìn méjì. Ó gbé e kọ́ sórí pákó ní yàrá ẹ̀yìn, ó da àpò ìrẹsì bò ó, ibẹ̀ ló sì wà títí Bàbá fi papò dà lọ́dún tó kọjá.

Àbúrò mi ọkùnrin ń gbé ní Èpé báyìí. Ó ní kí n bá òun jí i dìde, òun máa lò ó. Èmi ò mọ ẹ́ńjìnnì omi, jẹnẹrétọ̀ ilé nìkan ni mo máa ń tú díẹ̀díẹ̀. Lánàá ni mo ṣí ìdérí táńkì rẹ̀. Òórùn tó jáde kì í ṣe ti bẹntiróò mọ́, òórùn ọ̀dà tó ti bàjẹ́ ni. Mo ki igi bọ̀ ọ́, ohun tó lẹ̀ mọ́ igi náà pọ́n bí oyin, ó sì ń fà. Mo tú bóòtù tó wà ní ìdí kábúrétọ̀, ibi tí epo ti ń pò mọ́ afẹ́fẹ́, ẹ̀kán epo kan ò jáde. Òun náà ti dì.

Mo ti fa okùn rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó ń yí. Aládùúgbò wa kan ní kí n da epo tuntun sí i kí n máa fà á lọ, pé epo tuntun á fọ èyí tó ti dì. Ṣé bẹ́ẹ̀ ni?

Mẹkáníìkì_Lágéré (Ilé-Ifẹ̀) | Sátidé, 9:05 àárọ̀

Àbúrò, fi okùn yẹn sílẹ̀. Má fà á mọ́.

Láti 1997, ọ́ìlì tó wà lára sílíńdà ti gbẹ tán. Irin ló ń ha irin bó o ṣe ń fà á yẹn. Yọ pílọ́ọ̀gì méjèèjì, da ọ́ìlì díẹ̀ sí ihò kọ̀ọ̀kan, kó má ju ìdérí ìgò mínírà méjì lọ, kó o fi sílẹ̀ di ọ̀la. Tílẹ̀ bá mọ́, fi ọwọ́ yí i jẹ́jẹ́ láti òkè, ibi tí okùn ń yí i sí ni kó o yí i sí. Má dá a padà sẹ́yìn o, rọ́bà tó ń fa omi nísàlẹ̀ lè ṣẹ́.

Ti epo tuntun tí wọ́n ní kó o dà sí i, má ṣe é. Jẹnẹrétọ̀ kékeré tí à ń pè ní I better pass my neighbour, òun náà ń po ọ́ìlì mọ́ epo bíi tìrẹ, wọ́n sì ń gbé e wá bá mi lójoojúmọ́ lẹ́yìn tó ti jókòó pẹ́. Èyí tí wọ́n ti da epo tuntun sí kí wọ́n tó gbé e wá ló máa ń pọ́n mi lójú jù, torí ìdọ̀tí tó jókòó jẹ́jẹ́ sínú táńkì, epo tuntun ti wọ́ ọ lọ sí jẹ́ẹ̀tì, ihò tíńtín tí epo ń gbà kọjá nínú kábúrétọ̀. Táńkì, họ́ọ̀sì, pọ́ńpù, kábúrétọ̀: tú gbogbo wọn, fọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, kí epo tuntun tó kan ibẹ̀.

Ọmọ_Sábó (Ilé-Ifẹ̀) | Sátidé, 9:31 àárọ̀

Ẹ̀gbọ́n, mi ò takò yín o. Ṣùgbọ́n nígbà tí owó epo fò sókè ní 2023, mo gbé ọ̀kadà mi sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin. Epo tuntun ni mo dà sí i, mo tẹ̀ ẹ́ títí, ó sì jẹ́. Mi ò tú nǹkan kan. Kí ló dé tí ti ẹ́ńjìnnì yìí fi yàtọ̀?

Àgbà_Láàbù (Ilé-Ifẹ̀) | Sátidé, 11:12 àárọ̀

Ìbéèrè rere ni Ọmọ_Sábó bi. Iṣẹ́ kẹ́místrì ni mo ṣe títí mo fi fẹ̀yìn tì, ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú táńkì.

Bẹntiróò kì í ṣe nǹkan kan ṣoṣo. Àpòpọ̀ oríṣiríṣi ni, àwọn kan fúyẹ́, àwọn kan wúwo. Àwọn tó fúyẹ́ ló ń gba iná kíákíá, àwọn náà ló sì ń kọ́kọ́ fò lọ. Nínú àwọn tó kù, àwọn kan wà tí ara wọn kò balẹ̀: bí wọ́n bá ti bá ọ́síjìn inú afẹ́fẹ́ pàdé, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í so mọ́ ara wọn, wọ́n á máa gùn, wọ́n á máa ki, títí wọ́n fi di oje, tí oje náà á sì gbẹ di nǹkan dídán líle bí fáníìṣì ara àga. Ide ni wọ́n fi ń ṣe jẹ́ẹ̀tì, bàbà sì wà nínú ide. Bàbà máa ń mú kí iṣẹ́ yìí yára. Ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ pé inú ihò tó kéré jù lọ ló ti máa ń dì jù. Ọ́ìlì tí wọ́n pò mọ́ epo kì í fò lọ ní tirẹ̀, á dúró síbẹ̀, á sì bá oje náà ṣù pọ̀.

Ẹ wo abọ́ tí wọ́n fi jẹ ilá. Bí ẹ bá fọ̀ ọ́ kí ilẹ̀ tó ṣú, omi lásán ti tó. Bó bá di ọjọ́ kẹta, ẹ ó rẹ ẹ́, ẹ ó sì ha á. Oṣù mẹ́rin ti ọ̀kadà, ilá ọjọ́ kan ni. Èyí tó wà nílẹ̀ láti 1997 ti kọjá ohun tí bẹntiróò lè yọ́. Tínà tàbí asitóònù ló lè mú un.

Ohun kan tún wà tí kò sẹ́ni tó tíì sọ. Bẹntiróò tí à ń rà nígbà náà ní òjé nínú. Ìparí ọdún 2005 ni àwọn orílẹ̀-èdè ìsàlẹ̀ aṣálẹ̀ Sàhárà tó kọ epo olójé sílẹ̀. Tí epo náà bá ti gbẹ, òjé ò bá a lọ, inú èérún yẹn ló wà. Nítorí náà, Ọmọ_Ìṣọ́kùn, wọ ìbọ̀wọ́ rọ́bà. Má fi sáńpépà gbígbẹ ha á, kí eruku rẹ̀ má baà wọ imú rẹ. Jẹ́ kó tutù fún tínà kó o tó nù ún. Má jẹ́ kí ọmọdé wà nítòsí, má sì ṣe é ní ilé ìdáná. Èyí tó bá ṣẹ́ kù nínú táńkì, má dà á sílẹ̀, pàápàá bí kànga bá wà lágbàlá yín. Kẹ́ẹ̀gì tó ní ìdérí tó dí dáadáa ni kó o dà á sí, kó o kọ ohun tó wà nínú rẹ̀ sí i lára, kó o sì béèrè lọ́wọ́ àwọn panápaná ibi tó o lè gbé e lọ. Má sì fún àwọn tó ń ra ọ́ìlì dúdú. Iná ni wọ́n máa ń fi ọ́ìlì yẹn dá nígbà mìíràn, bẹntiróò inú rẹ̀ lè ṣe wọ́n ní jàǹbá.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Sátidé, 1:20 ọ̀sán

Ẹ ṣeun púpọ̀, Bàbá. Kànga wà lágbàlá wa lóòótọ́, ìdí rẹ̀ gan-an ni mo fẹ́ lọ fọ̀ ọ́ sí. Mo ti gbé gbogbo rẹ̀ jáde sí ẹ̀yìn ọgbà.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi fẹ́ fi ẹnu fa epo tó kù nínú táńkì gba inú họ́ọ̀sì. Mo ní kó dúró ná.

Nọ́ọ̀sì_Ìmọ̀ (Iléṣà) | Sátidé, 1:34 ọ̀sán

Kó má fi ẹnu fà á rárá! Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wí tèmi. Ewu bẹntiróò kò mọ ní inú nìkan, ẹ̀dọ̀fóró ló ń bà jẹ́ jù. Ẹ̀kán díẹ̀ tó bá ṣi ọ̀nà gbà ti tó láti dá èémí ènìyàn dúró. Bí ẹnikẹ́ni bá sì gbé e mì, ẹ má fún un ní epo pupa mu, ẹ má fún un ní mílíìkì, ẹ má sì mú un bì. Bó bá ń bì, ibẹ̀ ló ti máa gba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró padà. Ilé ìwòsàn ni kí ẹ gbé e lọ lójú ẹsẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní Iléṣà, Wesley Guild kò jìnnà sí yín. Mo ti rí ọmọ tí wọ́n rọ epo pupa sí lẹ́nu kí wọ́n tó gbé e wá, ojú mi ò sì gbàgbé ẹ̀.

Dídà ni kí ẹ da táńkì náà dojú kọ kẹ́ẹ̀gì.

Ìyá_Ẹlẹ́ja (Èpé) | Sátidé, 4:02 ìrọ̀lẹ́

Ọmọ mi, kú iṣẹ́. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá rẹ sí afẹ́fẹ́ rere. Ọkọ̀ ojú omi mẹ́rin ni mo ní tó ń pẹja fún mi, Yamaha 40 ló pọ̀ jù lára wọn, ṣùgbọ́n Johnson la fi bẹ̀rẹ̀. Àwọn ará Ifẹ̀ ti sọ ti kábúrétọ̀, èmi á sọ ti omi.

Omi ni ẹ́ńjìnnì yìí fi ń tu ara rẹ̀ lára, kì í ṣe afẹ́fẹ́ bíi ti ọ̀kadà. Rọ́bà kan wà nísàlẹ̀ lọ́hùn-ún, ó ní ọwọ́ bí ìràwọ̀, òun ló ń fa omi sókè. Bó bá yí láìsí omi, kíá ló máa jóná. Láti ọdún tó o wí yẹn, ọwọ́ rẹ̀ á ti ká síbi kan, á sì ti le. Rà á ní tuntun, má dán an wò rárá. Wo páálí irin kékeré tó wà níbi tí wọ́n ti ń gbé e kọ́ ọkọ̀, ibẹ̀ ni nọ́ńbà rẹ̀ wà, òun lo máa fi ra nǹkan tó bá a mu.

Ọ́ìlì rẹ̀ náà ńkọ́: ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì omi ni kó o rà, èyí tí wọ́n kọ TC-W3 sí lára. Èyí tí wọ́n ń tà fún ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kì í ṣe irú rẹ̀. Àádọ́ta sí ọ̀kan la ń pò ó: epo lítà 5, ọ́ìlì mìlílítà 100. Ṣùgbọ́n fún lítà 5 àkọ́kọ́ yìí, fi ọ́ìlì 200 sí i, torí ara rẹ̀ ti gbẹ.

Àgbà_Láàbù | Sátidé, 4:40 ìrọ̀lẹ́

Ìyá Ẹlẹ́ja ti ṣí mi létí. Ọmọ_Ìṣọ́kùn, nígbà tó o bá rí nọ́ńbà náà, wo lẹ́tà méjì tó ṣáájú lẹ́tà ìparí. Johnson àti Evinrude, tí ilé-iṣẹ́ kan náà ń ṣe, Outboard Marine Corporation, bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọ̀rọ̀ kan kọ ọdún sára ẹ́ńjìnnì wọn láti 1980: INTRODUCES. Lẹ́tà mẹ́wàá ni. I ni 1, N ni 2, T ni 3, bẹ́ẹ̀ ló ń lọ títí dé E tó jẹ́ 9, S sì ni òdo.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Sátidé, 5:15 ìrọ̀lẹ́

CT ló wà níbẹ̀. C ni 8, T ni 3. 1983! Ọdún tí wọ́n bí mi nìyẹn. Bàbá ò sọ ọ́ fún mi rí.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Ọjọ́ Ajé, 6:50 ìrọ̀lẹ́

Mo ti tú kábúrétọ̀. Ẹ jẹ́ kí n ṣàpèjúwe ohun tí mo rí.

Abọ́ ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọ́kọ́ kọ̀, ó lẹ̀ bí ẹni pé wọ́n fi gúlúù dì í. Mo fi ìdí sukudiráfà onígi gbá a ní jẹ́jẹ́ yí ká kó tó já. Inú rẹ̀, àwọ̀ méjì ló wà. Òkè ibi tí epo ń dé tẹ́lẹ̀, ó pọ́n, ó ń dán, ó sì fọ́ wẹ́wẹ́ bí èèpo àlùbọ́sà nígbà tí mo fi èékánná kàn án (mo wọ ìbọ̀wọ́ o, Bàbá). Ìsàlẹ̀ pátápátá, ó dúdú bí ọ̀dà, ó sì ń fà. Ìlà kan tún wà níbi tó kan ide, àwọ̀ ewé ni. Abẹ́rẹ́ tó ń ti ọ̀nà epo ti gan sínú ihò rẹ̀. Fílóòtì tó ń léfòó lórí epo ò fọ́, ike ni.

Mo wá jẹ́ẹ̀tì títí, mi ò rí i. Níbo ló wà?

Mẹkáníìkì_Lágéré | Ọjọ́ Ajé, 7:30 ìrọ̀lẹ́

O ti ń ṣe dáadáa. Bóòtù tó o kọ́kọ́ tú, tó o ní epo ò jáde níbẹ̀, wo inú ihò rẹ̀ pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì. Jẹ́ẹ̀tì ńlá dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ó wà lẹ́yìn bóòtù náà gan-an. Sukudiráfà tó bá ojú rẹ̀ mu rẹ́gí ni kó o fi tú u, torí ide rọ̀, bó bá họ, wàhálà dé.

Yọ gbogbo rọ́bà àti gásíkẹ́ẹ̀tì kúrò, tínà máa ń jẹ wọ́n. Yọ fílóòtì náà, ike ni. Irin tó kù, rì í sínú tínà nínú agolo tó ní ìdérí, kó sùn síbẹ̀ mọ́jú. Láàárọ̀, lọ bá fọganáísà kó bá ọ fẹ́ atẹ́gùn sí gbogbo ihò rẹ̀. Bo ojú rẹ. Èyí tí kò bá ṣí, já ẹ̀ka kan ṣoṣo lára wáyà iná, bàbà rírọ̀, kó o fi gún un. Má fi abẹ́rẹ́ ìránṣọ gún jẹ́ẹ̀tì láéláé. Irin le ju ide lọ, ihò á fẹ̀, ẹ́ńjìnnì á sì máa mu epo bí omi.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Ọjọ́rú, 6:10 ìrọ̀lẹ́

Ó jẹ́! Ṣùgbọ́n kò tíì dúró.

Mo ti pààrọ̀ rọ́bà ìfami, wọ́n rà á ránṣẹ́ láti Èpé. Mo fi òkúta wẹ́wẹ́ àti tínà mi táńkì jìgìjìgì, ìpara tó jáde kún ìdajì agolo. Mo gbé ẹ́ńjìnnì kọ́ etí dúróòmù tí omi kún, omi bo ẹsẹ̀ rẹ̀ dáadáa. Fífà kẹrin, ó jẹ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti tẹ ṣóòkù padà, ó ti kú. Pẹ̀lú ṣóòkù, á máa ṣiṣẹ́ lọ, á máa yọ èéfín. Bí mo bá fún un níná púpọ̀, ó ń dúró díẹ̀ láìsí ṣóòkù. Bí mo bá dín in kù, ó kú.

Mẹkáníìkì_Lágéré | Ọjọ́rú, 6:45 ìrọ̀lẹ́

Ohun tó ń sọ fún ọ ni pé ebi epo ń pa òun nígbà tó bá ń lọ jẹ́jẹ́. Ṣóòkù ń dín afẹ́fẹ́ kù, ìdí nìyẹn tó fi ń gbà á. Jẹ́ẹ̀tì ńlá ti ṣí, torí ó ń ṣiṣẹ́ nígbà iná púpọ̀. Ọ̀nà kékeré tó ń bọ́ ọ nígbà ìrìn jẹ́jẹ́ ni kò tíì ṣí. Ọ̀nà yẹn kì í hàn. Wo orí kábúrétọ̀, wàá rí pẹlẹbẹ irin róbótó kan tí wọ́n tẹ̀ wọlé. Abẹ́ rẹ̀ làwọn ihò tíńtìntín yẹn wà, tínà mọ́jú kan kò tó wọn.

Má fọwọ́ kàn án nílé. Di kábúrétọ̀ náà sínú ọ̀rá, kó o wọ ọkọ̀ Ifẹ̀ lọ́la.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Ọjọ́bọ̀, 8:25 alẹ́

Mo lọ. Ọlọ́run á bù sí iṣẹ́ ọwọ́ yín, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ fún àwọn tó kù.

Ẹ̀gbọ́n fi dírílì ọwọ́ lu ihò kékeré kan sí àárín pẹlẹbẹ náà, kò jẹ́ kó wọlé jù, ó sì fi abẹ́rẹ́ gbé e sókè. Ihò mẹ́ta ló wà lábẹ́ rẹ̀, ó tò wọ́n lẹ́sẹẹsẹ, mi ò rò pé ọ̀kọ̀ọ̀kan tó ojú abẹ́rẹ́. Méjì ti dí. Ó kán tínà sí i, ó dúró, ó tún kán an, ó fi ẹ̀ka wáyà náà rọra tì í. Ní ìgbà kẹta tàbí ìkẹrin, nǹkan kan yọ jáde, ó gùn bí ìka ẹsẹ̀ kòkòrò, ó pọ́n, ó sì ń dán. Ẹ̀gbọ́n gbé e sórí ìwé ìròyìn, ó ní, "Òun lò ń bá jà." Ó gé pẹlẹbẹ tuntun, ó tẹ̀ ẹ́ sípò, ó sì fi gọ́ọ̀mù tí bẹntiróò kì í jẹ dí etí rẹ̀.

Ìgbà tí mo padà délé, ó dúró láìsí ṣóòkù. Mo ti ń yọ̀. Ìṣẹ́jú méjì lẹ́yìn náà, ó kú. Mo fà á, ó jẹ́, ìṣẹ́jú méjì, ó tún kú.

Ìyá_Ẹlẹ́ja | Ọjọ́bọ̀, 8:50 alẹ́

Rọ́bà roboto tó wà láàárín họ́ọ̀sì, tí à ń fọwọ́ tẹ̀ kí epo tó dé. Nígbà tó bá fẹ́ kú, tẹ̀ ẹ́. Bó bá jí, epo ni kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Ọjọ́ Ẹtì, 7:15 àárọ̀

Màmá, mo tẹ̀ ẹ́, ó jí. Mo dáwọ́ dúró, ó fẹ́ kú. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó jí.

Ìyá_Ẹlẹ́ja | Ọjọ́ Ẹtì, 7:22 àárọ̀

Ó wà nínú nǹkan méjì nígbà náà: awọ rọ́bà inú pọ́ńpù epo ti le, tàbí họ́ọ̀sì ti ń bó nínú. Fi ọ̀bẹ la họ́ọ̀sì àtijọ́ náà wò. Ìta rẹ̀ á dára, inú rẹ̀ á ti máa bó bí awọ ejò. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń fà, awọ yẹn á dìde, á dí ọ̀nà. Ó ṣẹlẹ̀ sí àwọn ọmọ mi ní àárín ọ̀sà lọ́dún 2022, nígbà tí epo tí mẹ́tánọ́ọ̀lù pọ̀ jù nínú rẹ̀ wọ Nàìjíríà. Àjẹ̀ ni wọ́n fi wà á dé èbúté. Pààrọ̀ méjèèjì, má yan ọ̀kan.

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Sátidé, 5:40 ìrọ̀lẹ́

Mo la họ́ọ̀sì náà. Bó ṣe rí gan-an lẹ wí, Màmá. Awọ inú rẹ̀ dá dúró lọ́tọ̀, mo fi ìka méjì fà á jáde bíi fọ́nrán tó gùn tó ọwọ́ mi. Awọ pọ́ńpù náà le, ó ṣẹ́ nígbà tí mo ká a. Mo pààrọ̀ méjèèjì.

Lónìí, ó ṣiṣẹ́ fún ogún ìṣẹ́jú nínú dúróòmù láìdákẹ́. Omi ń fín jáde dáadáa láti ihò ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ̀, mo fọwọ́ kan orí rẹ̀, kò gbóná jù. Ìyá mi wà ní iwájú ilé, ó ń ṣa ẹ̀wà. Ó dìde, ó wá dúró sí ẹnu ọ̀nà ẹ̀yìn, ó ní, "Ìró yẹn ni mo máa ń gbọ́ ní Èpé kí bàbá ẹ tó yọ." Ó dúró síbẹ̀ títí mo fi pa á.

Mẹkáníìkì_Lágéré | Sátidé, 6:05 ìrọ̀lẹ́

Àbúrò, o káre. Ọ̀nà tó o gbà pa á ńkọ́? Ṣé o kàn pa á ni, epo sì wà nínú kábúrétọ̀?

Ọmọ_Ìṣọ́kùn | Sátidé, 6:11 ìrọ̀lẹ́

Rárá, ẹ̀gbọ́n. Mo yọ họ́ọ̀sì lára rẹ̀, mo jẹ́ kó lo èyí tó kù nínú rẹ̀ títí ó fi dákẹ́ fúnra rẹ̀. Lẹ́yìn náà mo tú bóòtù ìsàlẹ̀ abọ́. Ìwọ̀nba ṣíbí kan ló jáde, ó mọ́, mo sì dà á padà sínú kẹ́ẹ̀gì. Àbúrò mi á wá gbé e lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun.